Ẹ Fẹ́ Ra Mọ́tò Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ni Ín: Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Gbà Sanwó?

Ẹ ti wo ọkọ̀ náà tán. Mẹkáníìkì yín ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ẹ ti wà á lọ, ẹ ti wà á bọ̀, ẹ sì ti nájà títí ọ̀rọ̀ fi jókòó sórí mílíọ̀nù 6 náírà. Ó wá ku owó. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù pé tẹ́ ẹ bá san án tán, ìwé ọkọ̀ lè jẹ́ ayédèrú, tàbí kí ẹni tó ń tà á má tilẹ̀ jẹ́ olówó ọkọ̀. Òun náà ń bẹ̀rù pé kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, àlẹ́ẹ̀tì á dún lórí fóònù òun, tí òun bá wá dé báǹkì, kò ní sí owó kankan níbẹ̀. Ọ̀nà ìsanwó tó dáa ni èyí tó fi ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ẹ gbọ́ èyí tí mo yàn: tíráńsífà láti àkáǹtì ẹni tó ń rà sí àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ọkọ̀, kí ẹ jọ ṣe é nínú báǹkì, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn ọ̀nà yòókù ní ìgbà tiwọn, àmọ́ ìgbà náà kò pọ̀.

Káàṣì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò ṣì fẹ́ràn rẹ̀, torí owó tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn kà kò lè sọ pé òun ò tíì wọlé. Fún ọkọ̀ tí kò wọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ mílíọ̀nù 6, òfin ti dí ọ̀nà yẹn. Òfin tó ń gbógun ti fífọ owó jìbìtì mọ́, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ san káàṣì tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á, àfi tó bá gba ọwọ́ báǹkì kọjá. Mílíọ̀nù 10 ni ti ilé-iṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹni tó san án àti ẹni tó gbà á ni òfin náà bá wí.

Ó tún ń jẹ owó. ₦500,000 ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, fi ṣe òdiwọ̀n owó tí ẹnì kan lè gbà jáde lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ á san náírà 3 lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ká ní mílíọ̀nù 4 ààbọ̀ ni owó ọkọ̀, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ₦120,000 ti lọ nìyẹn. Ẹ lè ti fi wákàtí kan gbáko bá olówó ọkọ̀ fa iye yẹn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń nájà. Ẹ wá fi gbígbé àpò owó gba ojú títì kún un, àti pé bí ìjà bá dé lọ́la, kò sí àkọsílẹ̀ báǹkì kankan tó máa jẹ́rìí yín.

Sọ̀wédowó

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò ní gbà á, mi ò sì bá a wí. Títí báǹkì á fi yanjú rẹ̀, ìlérí lásán ni sọ̀wédowó. Òfin wà láti ọdún 1977 tó ní ẹni tó bá fún èèyàn ní sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún ẹlòmíì kò lè gbé mọ́tò padà wálé.

Dáràfù, ìyẹn sọ̀wédowó tí báǹkì fúnra rẹ̀ kọ, sàn díẹ̀, torí báǹkì ti kọ́kọ́ yọ owó náà lọ́wọ́ yín kó tó kọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù tí ayédèrú náà bá sì gbé dání lè jẹ́ ti oníjìbìtì ẹlẹgbẹ́ wọn. Kí ẹni tó ń tà tó lè gbà á gbọ́, ó yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ báǹkì ń kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti jọ wà ní báǹkì, kí ló dé tẹ́ ò kúkú ṣe tíráńsífà?

Tíráńsífà

Láti ọdún 2011 tí NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé ètò tíráńsífà ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NIP dé ni owó ti ń kúrò ní báǹkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Kò wọ́n rárá: nǹkan bí ₦50 ni ti báǹkì, ₦50 ni ti ìjọba. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ báǹkì méjèèjì. Ibi tí wàhálà ti ń wọ inú ọ̀rọ̀ tíráńsífà ni ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é.

Àkọ́kọ́, àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Oníjìbìtì lè fi orúkọ báǹkì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí èèyàn, àwọn ápù ayédèrú sì wà tó ń gbé rìsíìtì jáde tí ojú lásán ò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára tòótọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ ṣí ápù tirẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí wọ́n tó san án àti lẹ́yìn tí wọ́n san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà, ẹ má ka èyí sí àrífín. Ẹni tó bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kó tó yẹ àkáǹtì wò ni kó kọ yín lóminú: ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ni kò ṣe dùn ún.

Ìkejì, orúkọ. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, orúkọ á jáde kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Orúkọ yẹn, orúkọ tó wà lára ìwé ọkọ̀, àti èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó dúró níwájú yín gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ máa gbọ́ ọ dáadáa: “Ẹ̀gbọ́n, àkáǹtì ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ san án sí, ápù tèmi ń yọ mí lẹ́nu.” Ẹ sọ fún un pé kò sí wàhálà, ẹ máa dúró títí ápù rẹ̀ á fi ṣiṣẹ́.

Ìkẹta ló burú jù, àwọn tó ń ta ọkọ̀ ló sì máa ń kó sí i. Ẹni tó wá ra ọkọ̀ á ní, “Bọ̀dá mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa ní kí wọ́n san án.” Lóòótọ́, owó á wọlé, owó gidi, kì í ṣe àlẹ́ẹ̀tì lásán. Ọkọ̀ á lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, báǹkì á ti àkáǹtì pa: owó tó wọlé yẹn, ẹnì kan tí wọ́n lù ní jìbìtì níbòmíì ló ni ín, òun náà sì ti lọ fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tó ta mọ́tò kò rí owó ná, kò rí mọ́tò, yóò sì tún máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò rí sójú. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun ló ń ra ọkọ̀ fún yín, kó kọ́kọ́ fi owó náà sínú àkáǹtì yín, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ yín san án.

Owó tún lè kúrò lọ́dọ̀ yín kó má dé ọ̀hún. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má san òmíràn, ẹ má sì ní kí wọ́n fún yín lọ́kọ̀. Nọ́ńbà session ID tó wà lórí rìsíìtì ni báǹkì á fi tọpa rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì wà nínú báǹkì nígbà náà, ẹ ti wà níbi tí ẹ̀ bá máa sáré lọ. Ìdí pàtàkì tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ ra ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń kán yín lójú lákòókò yẹn mọ̀ pé báǹkì ò ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, ẹ wádìí iye tí ápù yín lè san lóòjọ́, kí ẹ má baà máa gé owó sí wẹ́wẹ́.

Kí ẹlòmíì bá yín mú owó dání

Lọ́yà lè gba owó sọ́wọ́ títí ìwé á fi pé. Fún ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ dúró níwájú yín, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa sanwó iṣẹ́ lọ́yà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà tí ọkọ̀ wà ní Àbújá, tàbí tí olówó ọkọ̀ ti di olóògbé tí àwọn ọmọ ń ta ọkọ̀ bàbá wọn, ẹ lò ó. Nínú ọ̀ràn ogún, ìwé àṣẹ ìpín ogún láti ilé ẹjọ́ ló ń fi ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà hàn, lọ́yà ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ́ wò. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ wá lọ́yà náà o. Tí ẹni tó ń tà bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín pé ilé-iṣẹ́ kan báyìí ló máa ń bá àwọn mú owó dání, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Alágbàtà kì í ṣe ẹni tí à ń fi owó ọkọ̀ sí lọ́wọ́. Olówó ọkọ̀ ni kí ẹ san owó ọkọ̀ fún, kí ẹ fún alágbàtà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àsansílẹ̀ lórí ọkọ̀ tẹ́ ò tíì fojú rí? Rárá. Ní ti ẹni tó bá ní USDT, ìyẹn owó kíríptò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan lòun ń gbà, ẹ wá ọkọ̀ míì.

Lọ́jọ́ náà gan-an

Kí ẹ tó tẹ owó, ẹ fi nọ́ńbà ṣáásí, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tó wà lára ọkọ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé, títí kan ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wá láìní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sí ọ̀nà ìsanwó tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà ṣáásí àti ti ẹ́ńjìnnì, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì méjèèjì, ọjọ́ àti aago. Kí ìwé ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì níwájú yín. Ẹ buwọ́ lùwé, ẹ sanwó, kí ó rí i nínú àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ wá kó ohun tó wà lórí tábìlì. Ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání pẹ̀lú, ẹ máa nílò rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí orúkọ olówó ọkọ̀ padà, èyí tó jẹ́ pé ọ́fíìsì MVAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ni wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó. Tó bá rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ tètè yí i, ó mọ ohun tó ń ṣe: orúkọ rẹ̀ ni ìwé owó ìtanràn á ṣì máa jáde sí títí dìgbà náà.