Ìkànnì tó ń ṣírò ìrìn bàálù: bó ṣe rí fún ará Adó-Èkìtì tó ń lọ Abùjá

Ẹ̀yin ará ilé, bí iṣẹ́ bá máa ń gbé yín láti Èkìtì lọ sí Abùjá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Mo máa ń lo àwọn ìkànnì tó ń sọ bí pápákọ̀ òfuurufú kan ṣe jìnnà sí òmíràn. Wọ́n wúlò fún mi gan-an, àmọ́ ẹ mọ ibi tí agbára wọn mọ kí ẹ tó fi bá èèyàn ṣe àdéhùn.

Lílò rẹ̀ ò le rárá. Ẹ kọ AKR, àmì pápákọ̀ Àkúrẹ́ níbi tí àwa ará Adó ti ń wọ bàálù, ẹ kọ ABV fún Abùjá, èsì ti dé: nǹkan bí 290 kìlómítà, bí ìṣẹ́jú 50. Mo gba ìwọ̀n yẹn gbọ́, torí bí ẹni na okùn tààrà lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Mọ́tò ò lè rìn bẹ́ẹ̀. Ìkọ̀lé àti Òmùò la máa ń gbà láti Adó, ká bọ́ sí Kàbà, ká tó rí Lọ́kọ́ja, Abùjá ṣì ń bẹ níwájú. Ara tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì lọ́nà yẹn mọ ohun tí mò ń wí.

Àkókò ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣírò rẹ̀ bíi pé bàálù ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n á wá fi ìṣẹ́jú 30 lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Bàálù tí abẹ̀bẹ̀ ń yí lápá rẹ̀, irú ATR 72, kì í sá ju nǹkan bí 500 lọ. Ọ̀nà yìí kúrú, ìyàtọ̀ náà ò ju bí ìṣẹ́jú 13 lọ. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, n kò tíì mu omi tí wọ́n pín fún wa tán tí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì, a ti fẹ́ balẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé pápákọ̀ sí pápákọ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ wo máàpù: àríwá ìlà-oòrùn wa ni Abùjá wà, síbẹ̀ gúúsù la ó kọ́kọ́ dorí kọ, Ìkẹ́rẹ́, Ìjù, Ìta-Ògbólú, ká tó yọ sí Ọba-Ilé níbi tí pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà. Ẹ̀yìn la kọ́kọ́ ń kọ sí ibi tí à ń lọ. Ẹ débẹ̀ tán, wọ́n á gbé ẹrù yín sórí òṣùwọ̀n. Èlùbọ́ tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ní kí n sanwó lé lórí, ìyẹn náà gba àkókò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, ẹ máa retí ìdádúró.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n kọ́ sí Adó fi jẹ mí lógún. Ọ̀nà òfuurufú láti ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrú ju ti Àkúrẹ́ lọ. Ìrìn orí ilẹ̀ yẹn gan-an ló máa bá wa dín kù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ká ní wọ́n lè fi àyè sílẹ̀ tí èèyàn á ti kọ orúkọ ìlú rẹ̀, mi ò bá fún un ní márààrún. Ẹni tó bá ní ìpàdé ọ̀sán ní Wuse, bàálù àárọ̀ ni kó wọ̀, kó sì rántí pé pápákọ̀ Abùjá sí àárín ìlú tó bí 40 kìlómítà lọ́tọ̀.