Gééjì, Pọ́ǹpù, Oje Ìdíhò àti Sípéà: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Jáàkì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ rà sí búùtù. Kò burú, àmọ́ ọ̀pọ̀ táyà tó ń jò kì í bẹ́ lójijì. Ìṣó ló máa ń gún un, afẹ́fẹ́ á sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní gééjì (ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) àti pọ́ǹpù lè dé ọ̀dọ̀ fọganáísà láì tú nọ́ọ̀tì kankan. Ìdí nìyẹn tí a fi fi gééjì ṣíwájú, tí pọ́ǹpù tẹ̀ lé e.

Gééjì

Èyí tó rí bíi bírò kò wọ́n, kò sì lo bátìrì. Ọ̀pá kékeré kan ló máa ń yọ láti ìdí rẹ̀, nọ́ńbà wà lára ọ̀pá náà. Ó ṣòro láti kà lálẹ́, bí iyanrìn bá sì wọ inú rẹ̀, ọ̀pá yẹn á máa há, iye tí yóò sọ á kéré sí ti òótọ́. Gééjì olójú aago dùn ún kà jù ú lọ. Èyí tó bá ní bọ́tìnì ìtúfẹ́fẹ́ dára gan-an, torí ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù láì yọ ọ́ lẹ́nu fáàfù. Kò fẹ́ ìṣubú, ṣá o: bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sinmi lórí òdo nígbà tí ẹ mú un nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà. Èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú gíláàsì péye, ó sì máa ń tanná, àfi kí bátìrì rẹ̀ má kú sí yín lọ́wọ́.

Olójú aago ni tiwa, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 60 psi (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó nínú táyà). Èyí tó lọ títí dé 150 psi á fún àwọn ìlà pọ̀, ẹ kò sì ní mọ ìyàtọ̀ láàárín 31 àti 33.

Gééjì tó dára jù kò wúlò fún ẹni tó ń wo nọ́ńbà tí kò yẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni òpin ohun tí táyà yẹn lè gbà. Èyí tí ọkọ̀ yín fẹ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn sì lè yàtọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní kPa, tó jẹ́ ìwọ̀n míì fún ohun kan náà, 220 kPa jẹ́ nǹkan bíi 32 psi. Ẹ wọ̀n ọ́ nígbà tí táyà tutù: kí ọkọ̀ ti wà lójú kan fún wákàtí mẹ́ta, tàbí kó má tíì rìn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Táyà tó ti gbóná lè fi psi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé sí i, ẹ má tú u sílẹ̀, torí bó bá tutù tán, yóò lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ.

Pọ́ǹpù

Pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ kò bẹ iná, orúnkún yín nìkan ni yóò sanwó rẹ̀. Èyí tí a ń kì sí ihò ìtansìgá ni ó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké mu, ṣùgbọ́n ẹ wo fíúsì ihò náà nínú ìwé ọkọ̀. Bó bá jẹ́ 10A, pọ́ǹpù tó ju 120 wáàtì lọ lè jó o. Fún táyà jíìpù ńláńlá, ẹ wá èyí tó ń fi ẹ̀mú méjì gbá orí bátìrì mú. Èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú ló rọrùn jù láti gbé, òun náà sì ni ẹni tó bá gbàgbé láti ṣáájì rẹ̀ máa ń kábàámọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí "150 psi" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí tàn yín. Kò sí táyà ọkọ̀ kékeré tó fẹ́ ìyẹn. Iye lítà afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ wò, àti iye ìṣẹ́jú tó lè ṣiṣẹ́ kó tó gbọ́dọ̀ sinmi. Kí wáyà àti rọ́bà rẹ̀ sì dé táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kó má baà fa bátìrì gbẹ.

Bí táyà bá ti lu

Okùn rọ́bà tí a ń fi irin kì bọ ihò táyà, àti oje ìdíhò inú agolo tí a ń fín sínú táyà, ń du iṣẹ́ kan náà: ihò tí kò ju mílímítà mẹ́fà lọ, lójú táyà tó ń tẹ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya, kò sí èyí tí yóò gbà yín nínú wọn.

Okùn rọ́bà ni a fọwọ́ sí. Ẹ ra èyí tí ìdí irin rẹ̀ dà bíi T, tí kì í ṣe ọ̀rá líle, torí ẹ máa fi gbogbo ara tì í. Ẹ má tíì yọ ìṣó títí irinṣẹ́ yóò fi wà lọ́wọ́. Ẹ fi irin eléyín gún ihò náà lọ-bọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi ha, ẹ fi sọ̀lúṣọ̀n pa okùn, ẹ tì í wọlé títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan níta, kí ẹ wá fa irin jáde kíá. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ da omi ọṣẹ sí i: bó bá ń hó, kò tíì dí. Fọganáísà ṣì gbọ́dọ̀ tú táyà náà kó lẹ̀ ẹ́ láti inú.

Oje inú agolo yá, kò sì dọ̀tí ọwọ́. Àmọ́ ó ní ọjọ́ tó ń bàjẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ inú ríìmù, àwọn kan sì lè dí ẹ̀rọ tó ń sọ afẹ́fẹ́ táyà fún dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́dọ̀ wakọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó lè tàn kálẹ̀, kí ẹ sì sọ fún fọganáísà kó tó dá irin lé e.

Sípéà nìkan ló yanjú ẹ̀gbẹ́ tó ya. Sípéà tínńrín tí wọ́n máa ń fún ọkọ̀ tuntun sábà máa ń fẹ́ 60 psi, kò sì gbọdọ̀ ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó láyè nínú búùtù, kó ra èyí tó bá mẹ́rin yòókù dọ́gba.

Ní ti jáàkì, oníháídíróólíìkì (èyí tó ń fi ọ́ìlì gbé ọkọ̀) tó rí bí ìgò lágbára ju èyí tó ń ṣí bí àlùmọ́gàjí lọ, ṣùgbọ́n ó ga. Kí ẹ tó rà á, ẹ wọn abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí táyà ti jò pátápátá, torí ibi tí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Sípánà alágbèélébùú sàn ju ọlọ́wọ́ kan lọ, ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ni kí ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ mú un le ní ìdojúkọ-dojúkọ (ọ̀kan, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i), ẹ sì tún un fún lẹ́yìn 80 kìlómítà.