Ọdún méjì tí mo fi ń ta àdìrẹ lórí Instagram láti Kúdẹtì

Tí mo bá lọ ra aṣọ funfun ní Gbági, àwọn tó mọ̀ mí máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni Instagram ń tajà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ń tajà o. Àmọ́ fún oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, aṣọ ni mo rò pé mo pàtẹ síbẹ̀, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń ṣe aṣọ ni àwọn èèyàn fẹ́ wò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìkànnì yìí kò jìnnà sí ibẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kúdẹtì, nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀kọ láfún la fi ń ya ọnà sára aṣọ, ìyẹ́ adìẹ la sì fi ń yà á, kí a tó rì í sínú aró. Ọnà tí mo fẹ́ràn jù ni Ìbàdàndùn, èyí tó ní àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ọmọ Ìbàdàn tó bá rí i kò ní bi yín pé kí ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ká aṣọ tó ti gbẹ, màá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá gbé e síta. Ó tó 40 àwòrán tí mo gbé báyẹn. Èèyàn mẹ́ta ló rà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì mọ ilé wa. Ọ̀kan nínú wọn, àǹtí mi ni, àánú ló ṣe é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tún un ṣe. Ọmọ ọdún 14 ni, ó wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa. Ó gbé fóònù mi ti kóńgò tí màmá mi fi ń wọn gààrì, ó ní, "Àǹtí, ẹ má wo fóònù, ẹ ṣáà máa ṣe iṣẹ́ yín." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró. Ẹni tó bá mọ ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, mọ̀ pé aṣọ kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ sí i ni yóò máa yí lójú yín, débi pé etí aṣọ tó kọ́kọ́ jáde á ti di aró kí èyí tó kù tó kúrò nínú ìkòkò. Èmi ti ń rí i láti kékeré, kò jọ mí lójú mọ́. Ọmọ yẹn gbé e síta bó ṣe wà. Kò fi orin kankan sí i. Omi tó ń kán lẹ ń gbọ́, àti màmá mi tó ń pariwo lẹ́yìn pé ta ló gbé kóńgò òun.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń bi mí bóyá oògùn ni, tàbí fóònù ni mo fi yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Obìnrin kan láti Kánádà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn màmá mi ló mú òun sunkún, pé báyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń pariwo nílé àwọn ní Òkè Àdó. Ìró méjì ló rà, kò tiẹ̀ dúnàádúrà. Fídíò ogún ìṣẹ́jú àáyá péré!

Adam Mosseri, tó jẹ́ olórí Instagram, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ohun mẹ́ta tí àwọn ń wò jù kí àwọn tó gbé nǹkan dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀, láìkì, àti bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn. Mo gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa fi àwòrán ìró tí mo ká sórí bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí tí aṣọ ti ń yí àwọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn.

Àwọ̀ yìí náà ló wá fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Aró tó bá mu dáadáa, tí a rì, tí a sá, tí a tún rì léraléra, máa ń dúdú bí ẹtù. Fóònù kò mọ ẹtù. Tí ẹ bá yà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan, á sọ ọ́ di àyìnrín. Tí ẹ bá yà á nínú yàrá lábẹ́ gílóòbù, á dúdú bí èédú. Oníbàárà kan ní Àkóbọ̀ ra èyí tí mo yà lọ́sàn-án. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló pè mí: "Ma, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní òkú tí mo fẹ́ sin o." Mo dá owó rẹ̀ padà, èmi náà ni mo sì san owó ọlọ́kadà àlọ àti àbọ̀. Mi ò bá a jà, nítorí àwòrán mi ló purọ́ fún un.

Báyìí, òwúrọ̀ ni mo máa ń yà á, kí oòrùn tó ga, lábẹ́ òjìji ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo máa ń gbé àwo funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ kí ojú lè rí ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n. Mo máa ń ya fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ náà, nítorí ojú kan ṣoṣo la ń ya ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn kò sì ní mọ́ bí iwájú. Mo tún máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò tíì dá aṣọ padà nítorí àwọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe ọnà tó ní etí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí Instagram bẹ̀rẹ̀ ní 2010, àwòrán onígun mẹ́rin tó dọ́gba ló ń gbà. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n sọ àwọn àpótí tó wà lójú ìwé èèyàn di èyí tó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì àwòrán onígun mẹ́rin tó dọ́gba ni wọ́n ń gé, torí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú Ìbàdàndùn, ṣíbí etí ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Tí ẹ bá sọ ìwé yín di ti oníṣòwò, ọ̀fẹ́ ni, á sì máa fi iye àwọn tó rí ọjà hàn yín, ìlú tí wọ́n wà, àti iye àwọn tó fi í pamọ́. Mi ò ka láìkì sí mọ́. Àwọn tó fi pamọ́ ni mò ń ṣọ́, nítorí tó bá di òpin oṣù tí owó wọlé, àwọn ni wọ́n ń padà wá. Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé líǹkì tí ẹ bá kọ sábẹ́ àwòrán kì í ṣeé tẹ̀, inú bio, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí tí ẹ kọ nípa ara yín lókè ojú ìwé yín, ló ti ń ṣiṣẹ́. WhatsApp mi ni mo fi síbẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti ń yí ọwọ́, torí pé èèyàn wa fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni kó tó sanwó. Ẹni tó fẹ́ ra ìró kan ṣoṣo lè fi voice note mẹ́fà dúnàádúrà.

Mo ti máa ń fi iye owó ọjà pamọ́ tẹ́lẹ̀, màá ní kí wọ́n wá bi mí ní ìkọ̀kọ̀, "ẹ wá sí DM." Mo ti jáwọ́. Tí mo bá kọ iye rẹ̀ síta, ìbéèrè máa ń dín kù, àmọ́ àwọn tó bá ṣẹ́ kù máa ń sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ òmùgọ̀ tí mo ṣe. Ẹnì kan ní òun á bá mi wá 5,000 èèyàn tó máa tẹ̀lé mi, mo sì sanwó. Wọ́n dé lóòótọ́, láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní fọ́tò, orúkọ wọn dà bí nọ́ńbà mọ́tò, kò sí ọ̀kan tó kí mi ku iṣẹ́. Fídíò tí mo gbé lẹ́yìn ìyẹn kò rìn rárá, torí àwọn tí Instagram kọ́kọ́ gbé e fún kò ní ojú tí wọ́n máa fi wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti èkejì dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí àwòrán mi lójú ìwé ẹlòmíì tó ń ta aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń pè é ní àdìrẹ ọwọ́. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé tèmi ni? Ṣíbí kan wà nínú aṣọ náà tí ọrùn rẹ̀ wọ́. Ọjọ́ tí mò ń yà á ni ewúrẹ́ kọlu àpótí tí mo jókòó lé. Mo ránṣẹ́ sí i, ó ní gbogbo àdìrẹ jọra wọn. Mo fi ẹjọ́ sùn lórí ìkànnì náà, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, mo ń kọ orúkọ mi sáàárín aṣọ nínú àwòrán. Ó ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, kò burú.

Ti ayédèrú álẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Mi ò kí ń gbé aṣọ fún ọlọ́kadà àfi tí mo bá ti wo inú àkáǹtì fúnra mi.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo máa fún Instagram. Owó dátà ò pọ̀ tó owó ìsọ̀ ní ọjà, tí mo bá fi wé iye tó ń wọlé. Ohun tó mú mi yọ ọ̀kan ni pé iṣẹ́ yìí fẹ́ ọwọ́ méjèèjì, fóònù náà sì fẹ́ ọwọ́. Tí mo bá wà nídìí ìkòkò, ẹni tó bá kọ̀wé sí mi á dúró di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ò sì ní dúró. Ọjọ́ tí mi ò lè mú un mọ́ra, mo fi ọwọ́ aró dá wọn lóhùn. Igun ìsàlẹ̀ fóònù mi ti di búlúù báyìí, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí.