Story of Yanxi Palace: aṣọ rẹ̀ rẹwà, ìtàn rẹ̀ ló já mi kulẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti parí ẹ̀ o. Épísóòdù 70, mi ò fo ìkankan, torí náà mo lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ dáadáa. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń wo síríìsì Ṣáínà ti ń sọ fún mi pé tí mi ò bá tíì wo Yanxi Palace mi ò tíì wo nǹkan kan. Ọdún 2018 ló jáde lórí iQIYI, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fíìmù ní Ṣáínà, wọ́n ní iye ìgbà tí wọ́n wò ó níbẹ̀ ju bílíọ̀nù 15 lọ, lọ́dún yẹn náà òun ni síríìsì tí wọ́n wá jù lórí Google ní gbogbo àgbáyé, bẹ́ẹ̀ Google ò ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà o, ìyẹn ni pé àwa tá a wà níta la wá a tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá yin nǹkan tó báyìí èèyàn á fọkàn sí i ṣá. Èmi náà fọkàn sí i, mo ra dátà sílẹ̀, mo ń fi òru wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibi tó wá já sí dùn mí gan-an.

Fún ẹni tí ò tíì wò ó (màá tú àṣírí ìtàn o, ẹ dúró níbí tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ wò ó), ààfin Ọba Qianlong ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní Beijing, nígbà ìjọba Qing. 1741 ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wei Yingluo wọ ààfin, ó di ara àwọn ìránṣẹ́ tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sáṣọ, torí pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ti sìn nínú ààfin yẹn rí kú ikú tí ò mọ́, òun sì fẹ́ mọ ẹni tó pa á. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dáa. Àbúrò tó ń wá ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ta ni ò ní jókòó wò ó?

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ojú gbádùn ẹ̀. Mo ti wo síríìsì ààfin tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ń dán yinrinyinrin, pupa rẹ́súrẹ́sú níbí, yẹ́lò lọ́hùn-ún, ojú á máa ro èèyàn. Ti eléyìí yàtọ̀, àwọ̀ wọn rọlẹ̀, bí eérú, bí ewé tó ń rọ, bí aró tó ti ṣí lára àdìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo etí àwọn olorì yẹn, yẹtí mẹ́ta ló wà létí kan, bí àwọn obìnrin Manchu, ẹ̀yà tí ìdílé ọba Qing ti wá, ṣe ń ṣe é nígbà yẹn lóòótọ́ nìyẹn. Ẹ tún wo òdòdó tó wà lórí Olorì Àgbà Fuca. Sílíkì ni wọ́n fi ṣe é, ronghua ni wọ́n ń pè é, àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Nanjing, Zhao Shuxian, wà lára àwọn tó ṣe é fún wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi ṣẹ̀ṣọ́ lásán o, ìwé ìtàn ìjọba Qing sọ ọ́ pé Fuca gidi kì í fi wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye ṣe orí, irú òdòdó yìí ló ń lò. Nígbà tí mo mọ ìyẹn mo padà lọ wo épísóòdù àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí orí obìnrin yẹn nìkan. Ẹni tó bá lè fara balẹ̀ tó báyẹn lórí òdòdó, kí ló dé tí ò fara balẹ̀ lórí ìtàn?

Torí ìtàn ni ìṣòro wà. Nígbà tí Yingluo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ààfin, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ fojú ẹ̀ gbolẹ̀, ó da omi lé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ fún wọn pé inú òun kì í gbé e, kí wọ́n má gbìyànjú ẹ̀ mọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, ẹ gbọ́, ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ òun níyà. Ìgbà tó wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì mo tún pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ìgbà kẹwàá mo ti rí i pé bó ṣe máa rí lọ nìyẹn, wọ́n á dẹ páńpẹ́ fún un, á ti mọ̀ kí wọ́n tó dẹ ẹ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ní épísóòdù méjì sí i ẹni tó dẹ páńpẹ́ á ti wà nílẹ̀ tó ń sunkún. Kò sí ìgbà kan tó ṣìṣe kó sì jìyà àṣìṣe náà fún ìgbà pípẹ́. Ọba fúnra ẹ̀, tó bínú sí i pé kí wọ́n nà án, ló tún ń wá ojú rere ẹ̀ (àwọn ará Ṣáínà tó ń wò ó sọ ọba yẹn ní "ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ńlá", ohun tí wọ́n ń pe ọkùnrin tí ọkàn ẹ̀ ò dúró síbì kan nìyẹn, wọn ò sì jayò pa).

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yẹn wá ńkọ́, tó jẹ́ pé torí ẹ̀ ló ṣe wọ ààfin? Àrá ló parí ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, opó ọba tó ti wàjà, tí kì í yé gbàdúrà, òun ló wà nídìí ikú ọmọ yẹn. Yingluo bá ké pe ọ̀run níwájú gbogbo èèyàn pé kó dájọ́, àrá sì sán pa ìyá náà. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tó jẹ́ kí àrá pa èèyàn, ìdájọ́ Ṣàngó kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré nílé wa, ara mi bù mọ́ mi níbẹ̀, mo tiẹ̀ dìde dúró. Àfi bí wọ́n tún ṣe jẹ́ ká mọ̀ pé Yingluo ló ti dọ́gbọ́n sí i sílẹ̀ tí àrá fi mọ ibi tó máa bà. Ọkàn mi kàn wálẹ̀ ni. Ẹni tó bá lè darí àrá, ta ló kù láàfin tó lè máa bà á lẹ́rù? Tí ẹ̀rù ò bá sì bà á, kí ni kí ẹ̀rù máa bà èmi tí mò ń wò ó fún?

Ẹni tó gbé síríìsì yìí ró ni Qin Lan, òun ló ṣe Olorì Àgbà Fuca. Ó máa ń jókòó ti Yingluo, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé, ohùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹ̀gbọ́n tó kú yẹn ló ṣe padà wá. Ọmọkùnrin kejì tó bí náà tún kú. Ó bọ́ aṣọ oyè, ó tú irun ẹ̀ sílẹ̀, ó wọ funfun, ó gun orí ògiri ààfin lọ ní òun nìkan, ó sì fò sílẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún dáadáa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bó ṣe kú nìyẹn, ìrìn àjò ìlà-oòrùn ni Fuca gidi ń bá ọba bọ̀ ní 1748 tó fi kú ní Dezhou, ọba sì ń kọ ewì arò fún un títí tó fi darúgbó. Mi ò bá wọn jà nítorí pé wọ́n yí i. Ohun tó bí mi nínú ni ẹni tí wọ́n fi tì í dé orí ògiri yẹn, Erqing. Ìránṣẹ́ ẹ̀ ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń di irun fún un láràárọ̀. Ṣàdédé, ó lọ bá ọba tó ti mutí yó lò pọ̀, ní ọjọ́ tí olorì ẹ̀ ń rọbí. Látìgbà yẹn ló ti di ìkà pátápátá. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Wọn ò fi hàn wá dáadáa. Chun, olorì míì, náà ṣe bẹ́ẹ̀, lónìí ọ̀rẹ́, lọ́la ọ̀tá. Ìwẹ̀fà tó bá Yingluo jìyà pọ̀, tó ń pè é ní àbúrò, òun náà yí padà.

Ìyá mi àgbà jẹ́ ọ̀kan nínú ìyàwó mẹ́ta. Ìyálé ẹ̀ bá a yan odì fún ọdún kan gbáko nítorí abọ́ ẹ̀fọ́ kan tí bàbá kọ́kọ́ nawọ́ sí. Abọ́ ẹ̀fọ́ lásán o, ṣùgbọ́n tí màmá bá ń sọ ọ́, ẹ máa rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ ara wọn, láti orí abọ́ dé orí ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé orí ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn èèyàn ń le. Nínú gbogbo òṣèré wọn, Charmaine Sheh nìkan ni wọ́n fún láyè láti ṣe é bẹ́ẹ̀. Olorì tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ló ṣe, tó kọ̀ láti gba rìbá, àbúrò ẹ̀ kú sẹ́wọ̀n, ìyá ẹ̀ kú, a rí i bí ojú ẹ̀ ṣe ń yí padà níwájú wa. Nígbà tó wá di ìkà, àánú ẹ̀ ṣì ń ṣe mí. Kí ni ì bá dé tí wọ́n bá ṣe Erqing náà báyẹn?

Lẹ́yìn ikú Fuca, mo ń wò ó kí n lè parí ẹ̀ ni. Gao, olorì míì tí wọ́n sọ di òǹrorò aláriwo, mo lọ kà nípa ẹ̀, àìsàn ló pa á ní 1745, ọba sì gbé oyè ẹ̀ ga sí i nígbà tó ń kú lọ. Wei gidi bí ọmọ mẹ́fà fún ọba, ọ̀kan nínú wọn ló di Ọba Jiaqing ní 1796, ìyá náà ti kú ní 1775, kò rí i. Ẹ ò rí i pé ìtàn wà níbẹ̀? Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó bímọ mẹ́fà, tí kò rí ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ jọba. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú síríìsì náà, ọ̀tẹ̀ ló kún épísóòdù tó gbẹ̀yìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ wò ó dé ibi tí Fuca ti fò sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, méjì jẹ́ ti Qin Lan, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó ṣe òdòdó yẹn.