Soufrière, Saint Lucia: ẹrẹ̀ gbígbóná gbà mí, òkè fẹ́ gba orúnkún mi

Èmi kì í ṣe èèyàn etíkun. Kí n na ara sórí iyanrìn látàárọ̀ dalẹ́, kò lè ṣẹlẹ̀. Torí náà, nígbà tí Àǹtí mi ní ká lọ sí Saint Lucia, erékùṣù kan ní Caribbean, láti London, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Àǹtí, kí la fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà?" Mo ti rí ìdáhùn báyìí. Ohun kan ṣoṣo tí màá yí padà ni ibi tí a dé sí. Rodney Bay, ní àríwá, ni òtẹ́ẹ̀lì wa wà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Soufrière tí a torí rẹ̀ lọ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà ibẹ̀ ń lọ́ bí ejò láti òkè dé òkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àǹtí mi bì kí a tó débẹ̀. Soufrière gan-an ni kí ẹ sùn sí.

Sulphur Springs ni mo lè tún sanwó lọ wò lọ́la. Wọ́n ń polówó rẹ̀ pé òkè ayọnáyèéfín tí mọ́tò lè wọ̀ ni. Ẹ má retí òkè ṣóńṣó tí iná ń yọ lórí rẹ̀ o. Òkè àtijọ́ ti wó sínú ara rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohun tó kù ni ilẹ̀ pípọ́n tí kò hu koríko, tí omi dúdú ń hó yaya nínú kòtò, tí èéfín ń rú. Ọdún 1766 ló bú gbẹ̀yìn, kò sì le púpọ̀. Òórùn ẹyin òbu á ti pàdé yín lọ́nà kí ojú yín tó rí i. Imí ọjọ́ tí àwọn Faransé rí níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú náà ní Soufrière, imí ọjọ́ kan náà tí ìyá wa ń pò mọ́ òróró fi pa wá lára nígbà tí kúrúnà bá mú wa. Láyé ọjọ́sí, àlejò lè rìn dé etí kòtò, àfi ìgbà tí ilẹ̀ là mọ́ amọ̀nà kan lẹ́sẹ̀, tó sì jóná láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń jẹ́ ká wò ó báyìí.

Ìsàlẹ̀, níbi tí omi náà ti rọlẹ̀ díẹ̀, ni a ti ń wẹ̀. Korobá ẹrẹ̀ wà létí adágún. Ẹ ó kọ́kọ́ wọ omi kí ara rọ̀, ẹ ó jáde wá fi ẹrẹ̀ para láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ẹ ó dúró sínú oòrùn títí á fi gbẹ, tí awọ ara á máa fà yín bí aṣọ tí wọ́n kì sí sítáàṣì, kí ẹ tó padà lọ ṣan án. Omi náà gbóná! Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dé àyà mi. Àǹtí mi ní, "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lo fẹ́ sọ mí dà ni?" Nígbà tó yá, àwa la ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Wọ́n ní ó ń wo làkúrègbé. Èmi ò rí ìyẹn sọ, ṣùgbọ́n ara mi ń dán fún ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ti gbó ni kí ẹ wọ̀, kò ní mọ́ mọ́.

Ní ti òkè Gros Piton, ẹ bi orúnkún yín kí ẹ tó lọ. Mítà 770 ni gíga rẹ̀. Petit Piton, èkejì rẹ̀, jẹ́ 743, UNESCO sì ti fi àwọn méjèèjì sára ogún àgbáyé láti 2004. Abúlé Fond Gens Libre la ti ń gbéra pẹ̀lú amọ̀nà. Ìdajì àkọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta àti gbòǹgbò igi di àtẹ̀gùn, ọwọ́ ni mo fi ń gbé itan mi. Bíbọ̀ tún burú ju lílọ lọ. Amọ̀nà wa ló sọ fún wa pé àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn ló tẹ abúlé náà dó, ìyẹn ni orúkọ rẹ̀ fi jẹ́ ti àwọn ẹni òmìnira. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni wá, ó ní ṣé a mọ Shango? Ó ní ní Babonneau, lápá àríwá, àwọn ìdílé kan wà tó ń ṣe ètùtù Kélé, tí wọ́n ń pa àgùntàn, tí wọ́n ń to òkúta sílẹ̀ bọ ọ́. Àǹtí mi ní, "Ẹdùn àrá nìyẹn!" Mo gbàgbé orúnkún fúngbà díẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè gun òkè, kó lọ rìn ní ọ̀nà ẹsẹ̀ Tet Paul. Kò tó wákàtí kan, ẹ ó sì rí Piton méjèèjì kedere ju ẹni tó wà lórí wọn lọ. Ọ̀sọọ̀rọ̀ Diamond lẹ́wà, àwọ̀ omi ti kun ara òkúta rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́, wíwò lásán ni.

Ẹ ṣọ́ra lórí owó. Oríṣi dọ́là méjì ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà àti tiwọn, dọ́là Amẹ́ríkà kan sì jẹ́ 2.70 tiwọn. Awakọ̀ kan dá 120 dọ́là lé wa, a ní kò burú, àṣé ti Amẹ́ríkà ló ní lọ́kàn. Ìgbà tí a délé ló tó sọ. A san án, kò sóhun tí a lè ṣe. Ẹ béèrè dọ́là èwo kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọ mọ́tò.

Ẹ bọ́ fàdákà sílé pẹ̀lú. Òrùka Àǹtí mi dúdú bí ìdí ìkòkò nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo kùn ún.