Bí Oxford English Dictionary Ṣe Túmọ̀ Tokunbo

N kì í sábà yin ìwé atúmọ̀-èdè, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ju kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan dípò òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fi káàdì ilé ìkàwé àdúgbò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ka Oxford English Dictionary lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, mo rí i pé tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi dán an wò ni tokunbo, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni wọ́n pè é, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba máàkì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi. Lójú tiwa, odindi gbólóhùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ó ti òkun bọ̀. A sọ ọ́ di orúkọ ọmọ tí a bí sí ìlú òkèèrè kí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ tó yá a lò, àwọn Tòkunbọ̀ tí mo mọ̀ kò sì tíì dárí jì wọ́n, nítorí láti ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń bi wọ́n léèrè iye máìlì tí wọ́n ti sá. Nígbà tí ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ìwà onílé: ó bọ́ síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, tokunbo car, níbi tí àwa ti ń wí pé ọkọ̀ tòkunbọ̀.

Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ọjà àlòkù tí a kó wọlé láti òkè òkun, pàápàá jù lọ ọkọ̀. Ó tọ̀nà, àmọ́ kò gbóná tó bó ṣe ń gbóná lẹ́nu ẹni tó ń ta ọkọ̀ l'Ékòó. Oríkì ni tòkunbọ̀ jẹ́ fún ọjà rẹ̀; ohun tó ń sọ fún oníbàárà ni pé ọ̀nà tó dán ni ọkọ̀ yìí ti ń rìn, àti pé kòtò ilẹ̀ wa kò tíì mọ̀ ọ́n lójú. Bí oníbàárà náà bá lò ó fún ọdún kan péré, tó tún fẹ́ tà á, tòkunbọ̀ ti bọ́ lára rẹ̀, sẹ́kọ́ńdì-háǹdì lásán ló kù, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, tó sì lọ bá wọn nájà, àpò rẹ̀ ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti dùn jù ni ìtàn ọ̀rọ̀. Agric tí wọ́n fi kún un lọ́jọ́ kan náà, tí àwa ń pe adìẹ mọ́, wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọdún 1812, nígbà tó jẹ́ ìkékúrú agricultural lásán lórí ìwé.

Ẹ má wá tokunbo nínú ẹ̀dà orí ìwé tó ní ìdìpọ̀ 20, tí wọ́n tẹ̀ ní 1989, kò sí níbẹ̀. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò. Owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní ilé ìkàwé tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ti sanwó sílẹ̀, n kò sì ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn fẹ́ mọ ìlò ọ̀rọ̀ nímọ̀ràn pé kó san án.