Awakọ̀ tí kì í sùn: àyẹ̀wò iṣẹ́ Aurora lójú alábòójútó ọkọ̀ akẹ́rù

Ohun tí Aurora ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kì í ṣe ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà, tí Chris Urmson, Sterling Anderson àti Drew Bagnell dá sílẹ̀ ní ọdún 2017, kì í rọ tírélà. Awakọ̀ ni ó ń tà. Kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà, rédà àti ẹ̀rọ lidar tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó ni wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ, kí ọkọ̀ náà lè máa wa ara rẹ̀ lójú títì márosẹ̀. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ yóò máa san owó lórí iye máìlì tó bá rìn. Ojú ẹni tó ti pẹ́ nídìí pípín ọkọ̀ sójú ọ̀nà ni mo fi yẹ iṣẹ́ yìí wò, ẹni tó mọ iye táyà tó ń jẹ lóṣù, tó sì mọ bí fóònù ṣe máa ń dún lóru.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, wọ́n kéde pé ọkọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù oníbàárà láàárín Dallas àti Houston ní ìpínlẹ̀ Texas láìsí ẹni tó ń wà á. Uber Freight àti Hirschbach ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ọ̀sán nìkan, nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìrìn òru kún un nínú oṣù Keje ọdún náà. Ṣùgbọ́n kí oṣù Kárùn-ún tó parí ni PACCAR, tó rọ àwọn ọkọ̀ náà, ti bẹ̀bẹ̀ pé kí èèyàn jókòó sí àyè awakọ̀, nítorí àwọn ẹ̀yà kan nínú ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti àdánwò. Aurora gbà, bó tilẹ̀ sọ pé kò pọn dandan. Mi ò ka ìṣọ́ra yìí sí àbùkù rárá, nítorí tírélà tó kún fún ẹrù lè wúwo tó 80,000 pọ́n-ùn. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì wà lórí àga yẹn, owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wúlò jù kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Owó oṣù awakọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì yé mi, nítorí ìṣirò tí ATRI, àjọ tó ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà, ṣe fún ọdún 2023 fi hàn pé $2.27 ni máìlì kan ń ná ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, owó iṣẹ́ àti àjẹmọ́nú awakọ̀ sì ju ìdá 40 lọ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta awakọ̀ onímáṣíìnì náà yóò gba tirẹ̀ lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà owó yẹn kò lè bọ́ sápò ọlọ́kọ̀ tán. Inú àkókò ni èrè gidi wà. Òfin Amẹ́ríkà kò gba awakọ̀ ẹrù láàyè láti wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ, láàárín wákàtí 14, kí ó tó lọ sinmi fún wákàtí 10. Ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tún le jù bẹ́ẹ̀, wákàtí 9 ni ó fún un lójúmọ́, tó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ mú ọ̀nà tó gùn tó 1,000 máìlì, irú èyí tó ti Fort Worth dé Phoenix. Bí ọkọ̀ bá ń sá 60 máìlì ní wákàtí kan, ìrìn náà gba nǹkan bí wákàtí 17. Awakọ̀ kan ṣoṣo yóò wà á fún wákàtí 11, yóò sùn fún 10, yóò wá parí èyí tó kù, ó di wákàtí 27 kí ẹrù tó dé, láì tíì ka ìdúró oúnjẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti fi awakọ̀ méjì sínú ọkọ̀ kan, kí ọ̀kan máa sùn bí èkejì ṣe ń wà á. Máṣíìnì kò nílò èyí. Ní nǹkan bí wákàtí 17 yẹn ni ọkọ̀ rẹ̀ lè dé.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kì í sùn, táyà rẹ̀ náà kì í sùn. Bí máìlì ọ̀sẹ̀ kan bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ìyípadà ọ́ìlì, ti bírékì àti ti táyà yóò máa sún mọ́ra lọ́nà kan náà, ọkọ̀ tí a rò pé yóò lò tó ọdún mélòó kan yóò sì gbó kí ọdún náà tó pé. Ohun mìíràn tún wà tí mo rò pé àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí kì í fẹnu bà tó: nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ọkọ̀, ìgbà tí awakọ̀ bá ń sinmi ni mẹ́káníìkì máa ń rí ọkọ̀ mú. Bí ìsinmi bá ti lọ, alábòójútó ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ ya àkókò àtúnṣe sọ́tọ̀, kí ó sì ní mẹ́káníìkì tó máa ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ti iṣẹ́ tí awakọ̀ ń ṣe tí kò sí nínú orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan rí pè mí lóru pé òun ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Kò sí iná kankan tó tàn níwájú rẹ̀. Imú rẹ̀ ló sọ fún un. Ó dúró, ó sì bá bírékì tó ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tírélà tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ṣé kámẹ́rà á gbóòórùn? A lè fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti afẹ́fẹ́ táyà sí i, ọ̀pọ̀ tírélà sì ti ní in, àmọ́ ẹnì kan ní láti rà á, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì ka ohun tó bá sọ. Òfin Amẹ́ríkà tún ní kí awakọ̀ yẹ ìdè ẹrù wò láàárín 50 máìlì àkọ́kọ́, kí ó sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà lẹ́yìn èyí. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú títì, awakọ̀ ní ìṣẹ́jú 10 láti to àmì ìkìlọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Waymo, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, àti Aurora bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lo iná tó wà lára ọkọ̀ dípò rẹ̀, ìjọba sì kọ̀ fún wọn nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ẹ wo bí ohun kékeré yẹn, àmì onígun mẹ́ta tí ọmọdé lè gbé, ṣe di ọ̀rọ̀ ńlá nígbà tí kò sí ọwọ́ tó máa gbé e.

Àjọ CVSA, tó ń ṣètò àyẹ̀wò ọkọ̀ akẹ́rù ní Àríwá Amẹ́ríkà, ti ṣe ìlànà kan fún irú ọkọ̀ yìí: ẹni tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó tó kúrò lọ́gbà, ọkọ̀ náà yóò sì máa sọ fún àwọn agbófinró lójú ọ̀nà pé òun ti yege. Ìlànà tó bọ́gbọ́n mu ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ tuntun ni alábòójútó yóò gbà sínú ọgbà láti rọ́pò ojú àti etí ẹni tó kúrò lórí àga. Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣẹ́ Aurora, ọgbà ọkọ̀ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ mi lórí ẹnu-ọ̀nà oníbàárà kò gùn: bí ọkọ̀ bá sá òru mọ́jú, tó wá dúró wákàtí 6 kí wọ́n tó já ẹrù, gbogbo èrè àkókò ti ṣòfò. Kí á máa já tírélà sílẹ̀, kí á sì fa èyí tó ti kún lọ, nìkan ló bá a mu.

Bí a bá fi wé àwọn mìíràn, mo gbà pé iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀ jù lónìí ni èyí tí kì í gba ojú títì gbogbogbòò. Láti ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Rio Tinto ti ń lo ọkọ̀ ńlá aláìnídírébà níbi ìwakùsà Pilbara ní Australia, tí àwọn tó ń bójú tó wọn sì jókòó sí Perth, nǹkan bí 1,500 kìlómítà síbẹ̀. Kodiak náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún Atlas Energy Solutions láti máa fi kó yanrìn lójú ọ̀nà àdáni níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Gatik ní tirẹ̀ yan ọ̀nà kúkúrú tí kì í yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù ilé-ìtajà Walmart láìsí awakọ̀ ní ìlú Bentonville ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021. Ohun tí Aurora dágbá lé wúwo ju ti gbogbo wọn lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí bó ṣe ń mú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù tó ṣì ń bà mí ni ti ẹni tó ń tà á. Uber pa ẹ̀ka tírélà rẹ̀ tì ní ọdún 2018, Starsky Robotics kógbá sílé ní ọdún 2020, Embark ní ọdún 2023, ọdún yẹn kan náà ni Waymo dá iṣẹ́ tírélà tirẹ̀ dúró. Bí awakọ̀ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, a lè gba òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹni tó ni sọ́fítíwíà bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo ọkọ̀ ló máa dúró lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹ má ra ọkọ̀ tí èèyàn kò lè wà mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn awakọ̀ yín tú ká. Ẹ gbé wọn sí ọ̀nà kúkúrú láàárín ìlú, níbi tí máṣíìnì kò tíì lè dé, tí wọ́n á sì máa sùn nílé wọn. Iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Ìdájọ́ mi: ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀nà gígùn kan tí ẹrù kì í wọ́n níbẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ní ọgbà tirẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, lè fi ọkọ̀ díẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń lọ síbí lónìí, sọ́hùn-ún lọ́la, kí ó ní sùúrù. Kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tí yóò lọ bá ọkọ̀ náà bó bá dúró láàárín òru níbi tó jìn sí ìlú, wákàtí mélòó ni yóò gbà á kí ó tó débẹ̀, àti ta ni yóò san owó rẹ̀, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú àdéhùn.